Ẹ̀tù Dúdú inú Ìgò

Ní Ìgbọ̀nà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù,
Mútíátù Riwáyà to agolo mílíìkì mẹ́ta léra,
ó gé ìdí wọn, ó jó wọn mọ́ra,
ó wá na wáyà tín-ín-rín kan la àárín wọn já
bí ẹni ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́.
"Má jẹ́ kó kan ara agolo. Bó bá kàn án, a ti ṣòfò."
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ iṣẹ́ ni mí,
ọdún méjì ló kù kí n gba fírídọ́ọ̀mù.

Kọ́ìlì ọkọ̀ Dátísọ̀n kan tó ti kú ló ń fún wáyà níná,
bátìrì ló ń fún kọ́ìlì, torí iná ìjọba
ti lọ láti àná, kò sì dá ọjọ́ àbọ̀.
Ó ní iná tó máa wọ ibẹ̀ yóò le ju ti inú ilé lọ
ní ìlọ́po àádọ́ta,
ṣùgbọ́n kò níí jó nǹkan kan. Yóò kàn máa ta pàrà,
yóò máa gbá ìdọ̀tí inú èéfín létí,
ìdọ̀tí yóò sì sá lọ lẹ̀ mọ́ ara agolo.
Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Bóyá ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́, èmi ló gbá létí.
Mo bá ara mi lórí táyà, ìka mi ń gbọ̀n,
Mútíátù ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń kí mi pẹ̀lẹ́.
Ìgbà kejì, wáyà já.
Ìgbà kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá Rájì,
baba tó bí i, tó fi ọgbọ̀n ọdún kó igi gẹdú
láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wọ Òṣogbo,
tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́,
ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí ikọ́.

Kí á tó taná, ó fi aṣọ ìnujú funfun sẹ́nu páìpù.
Kí n tó kà dé ogún, ó ti dúdú.
Ìlú aró ni wá. Bí aṣọ bá pàwọ̀ dà ní Òṣogbo,
a máa ń béèrè ẹni tó rẹ ẹ́.
Ta ló rẹ èyí? Ìkòkò ta ni?

Ó taná. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo yọjú wo inú agolo:
ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò, kò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ,
ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣíí, ṣíí,
bí òróró tí kò tíì gbóná tán.
Mànàmáná tí èèyàn lè kì sápò.
Òórùn kan jáde. Mo mọ̀ ọ́n:
òórùn ẹ̀yìn òjò ńlá, tí àrá bá ti kọjá lórí Òkè-Fìà,
tí ìyá mi á ní ká ṣí fèrèsé.
"Má fà á símú jù," Mútíátù ní, "òun náà ń ta ni lọ́fun.
Mi ò tíì rí ojútùú ìyẹn."

Aṣọ ìnujú kejì rí bí eérú.
Èmi fẹ́ kó funfun. Mo fẹ́ pariwo kó dé Ọláìyá.
Òun ò sọ nǹkan kan. Ó pa ọkọ̀, ó tú agolo,
ó fi ṣíbí ha inú rẹ̀,
ó da ẹ̀tù dúdú náà sínú ìgò oògùn ikọ́ tó ti tán.
Kò pọ̀, ó kàn bo ìsàlẹ̀ ìgò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Bàbá Rájì gbà á, ó mì ín, ó tún mì ín.
Ọgbọ̀n ọdún. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ṣírò.
"Ṣé ohun tí mo ti ń jẹ rèé?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Ó dé ìdérí rẹ̀, ó dé e le, ó fi í sápò dàńṣíkí.
Ó wúkọ́.
Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ léèrè iye tí wọ́n ń ta agolo,
agolo ńlá, kì í ṣe ti mílíìkì,
àti iye ọkọ̀ tó wà ní Gáréèjì Àtijọ́.